Ihò Ara Sípíkà

Mo ti fọwọ́ ara mi pa orin kan rí. Ẹnì kan gbé ìlù tó ti gbà sílẹ̀ wá fún mi pé kí n bá òun tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo fọ gbogbo ariwo abẹ́ rẹ̀ kúrò: waya tó ń hó, àga tó ń ké lábẹ́ onílù, ìdáhùn ògiri yàrá tí wọ́n ti lù ú. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í. Nígbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́ pé kí n gbọ́ ọ, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀mí sì ti kúrò níbẹ̀. Bí ẹni ń fi ṣíbí lu páálí ló rí. Ẹni tó ni ín gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n," ó gba fáìlì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mi ò tún gbúròó rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni orin kan tí mi ò wá já lù mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gìtá, dùùrù àti sasofóònù jọ ń gun àkàbà kan náà, ìlù ń dá wọn lóhùn bí ẹni ń fẹsẹ̀ jálẹ̀kùn, àfi lójijì tí ọkùnrin kan fi igbe ta. Mo yọ íápíìsì mi, mo nu ún, mo tún un fi sétí. Kò yí padà. Bí orin náà ṣe rí nìyẹn: kò sí ohun tí kò ya, kò sí ohun tí kò ha nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi òru mẹ́ta fọ̀ dànù lára iṣẹ́ oníṣẹ́, òun gan-an ni àwọn wọ̀nyí kó jọ pelemọ tí wọ́n pè lórin.

"The Witch" ni wọ́n ń pe orin náà. The Sonics ló kọ ọ́, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Oṣù kọkànlá ọdún 1964 ló jáde. Láti òru yẹn ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ wọn kiri, bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Rọ́ọ̀kì gáréèjì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Lédè tiwa, gáréèjì ni ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò, tí àwọn agbèrò ti ń lọgun orúkọ ìlú. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀: yàrá tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ti máa ń fi gìtá olówó pọ́ọ́kú kọ́ ara wọn lórin, kí ìyá wọn tó ní kí wọ́n wá jẹun. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀la ni àwọn òǹkọ̀wé orin fún un lórúkọ. Ká sòótọ́, bí mo bá ń gbọ́ Sonics, gáréèjì tiwa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Tacoma wà létí omi, ní igun òkè pátápátá lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní gúúsù Seattle. Ìlú iṣẹ́ ni. Èbúté wà níbẹ̀, ilé ìlagi wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà láyé ìgbà yẹn sì máa ń tú òórùn kan síta tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń dá ìlú wọn mọ̀. Àwọn sójà wà ní Fort Lewis lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, bàálù ológun sì ń gbéra ní McChord. Bí bàálù bá sáré ju ìró lọ, ó máa ń bú gbàmù lójú ọ̀run. Inú ìbúgbàmù yẹn ni Sonics ti fa orúkọ wọn yọ. Ó yẹ wọ́n.

Ibẹ̀ jìnnà sí New York, ó jìnnà sí Los Angeles. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ibẹ̀ dá ọjà tiwọn sílẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n á kún inú gbọ̀ngàn, wọ́n á kún inú ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí, wọ́n á sanwó ẹnu ọ̀nà, wọ́n á jó. Èyí tó lókìkí jù ni Spanish Castle, gbọ̀ngàn ńlá kan ní bèbè ọ̀nà márosẹ̀ láàárín Seattle àti Tacoma, tí wọ́n wó lulẹ̀ ní 1968. Jimi Hendrix, onígìtá tó jẹ́ ọmọ Seattle, kò gbàgbé ibẹ̀ títí ó fi dolókìkí. Ó fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ijó ni wọ́n wá jó níbẹ̀ o. Wọn ò wá jókòó wo olórin. Ẹgbẹ́ tó bá lù ú tí ilẹ̀ ò mì, ẹlòmíì ni wọ́n máa pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí wà, ju inú sítúdíò kankan lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, nítorí wọ́n sábà máa ń sáré kọjá rẹ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ni Sonics, ṣùgbọ́n oko àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti wá irè. Ní Seattle, Dave Lewis, aláwọ̀ dúdú tó ń tẹ dùùrù, ti ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí tó mọ gìtá dì mú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti jí ọgbọ́n bí dùùrù ṣe ń jó pẹ̀lú ìlù. Orin tó wá di orin àjùmọ̀kọ gbogbo agbègbè yẹn, "Louie Louie", Richard Berry ló kọ ọ́, aláwọ̀ dúdú láti Los Angeles, ó sì gbé e jáde ní 1957. Ó ta ẹ̀tọ́ orin náà ní $750 kó lè rówó ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó rí nǹkan gidi gbà padà lórí rẹ̀. Bí mo bá ti ń gbọ́ "Louie Louie", iye owó yẹn máa ń dún sí mi létí mọ́ ọn.

Àwọn tó la ọ̀nà fún Sonics ni The Wailers, ará Tacoma bíi tiwọn. (Wọn ò bá The Wailers ti Bob Marley ní Jàmáíkà tan o.) Ní 1959, orin wọn kan tí kò sí ohùn ẹnu nínú rẹ̀, "Tall Cool One", gòkè wọ inú ogójì àkọ́kọ́ nínú àwọn orin tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà. Ọmọ iléèwé ni wọ́n. Wọ́n gbé wọn lọ sí ìlà-oòrùn, wọ́n fi wọ́n hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ tó gbé àwo wọn jáde ní kí wọ́n kúkú jókòó sí apá New York níbẹ̀. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní ilé làwọn ń lọ. Ilé iṣẹ́ náà jọ̀wọ́ wọn. Àwọn ọmọ yìí délé, wọn ò káwọ́ lérí: ní 1961, mẹ́ta nínú wọn, Buck Ormsby, Kent Morrill àti Rockin' Robin Roberts, dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Etiquette. "Louie Louie" tí Roberts kọ ni wọ́n fi ṣí i. Ó tà lágbègbè wọn, kò sì kọjá ibẹ̀.

Èyí tó kọjá ibẹ̀ ni ti The Kingsmen, àwọn ọmọ Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon tó wà ní gúúsù wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1963, wọ́n wọ sítúdíò kékeré kan pẹ̀lú nǹkan bí $50. Máìkì tí wọ́n gbé kọ́ ga ju orí akọrin lọ. Jack Ely tó ń kọrin na ọrùn, ó ń lọgun sókè, wáyà tí wọ́n fi ń to eyín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn tí gìtá dá tirẹ̀ ṣe tán, ó tètè wọlé, ó rí i pé òun ti ṣì í, ó panu mọ́. Lynn Easton tó ń lùlù sáré fi ìlù dí ihò náà. Ẹ lọ gbọ́ ọ, àṣìṣe náà ṣì wà níbẹ̀ gbangba. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin náà sì dé ipò kejì ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí Ely ń wí, àwọn òbí gbà pé ọ̀rọ̀ rírùn ló wà níbẹ̀. Àwọn FBI, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní àwọn ò lè mọ ohun tó ń sọ. Atukọ̀ ojú omi tí àárò olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ ló wà nínú orin náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé àwọn Parypa ni Sonics ti bẹ̀rẹ̀, ní 1960. Larry ń ta gìtá, Andy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú gìtá béèsì. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń kọ́ra nílé, tí ẹni tó máa ta béèsì ò sí, ìyá wọn ló máa ń bá wọn ta á. Mo fẹ́ràn ìyá yìí ju gbogbo èèyàn inú ìtàn náà lọ. Nígbà tó fi máa di 1964, àwọn mẹ́ta mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ wọn: Bob Bennett onílù, Rob Lind tó ń fọn sasofóònù, àti Gerry Roslie tó ń tẹ dùùrù. Bí Roslie ṣe ń tẹ dùùrù lọ ni wọ́n wá rí i pé ohùn kan wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Little Richard, akọrin rọ́ọ̀kì aláwọ̀ dúdú, ló fẹ́ fara wé. Igbe tó ń ké, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó dà bí igbe ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ iná, tí inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Buck Ormsby ti Wailers lọ gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ra, ó sì mú wọn wá sí Etiquette. Wọ́n wọ sítúdíò Kearney Barton ní Seattle. Téèpù ojú ọ̀nà méjì péré, èyí tí ohùn inú rẹ̀ kò lè pín ju apá méjì lọ, ni wọ́n fi gba orin sílẹ̀. Kurt Cobain ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Nirvana, ọmọ agbègbè yẹn kan náà tí wọn ò tíì bí nígbà náà, sọ lórí rédíò lọ́dún 1994 pé máìkì kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba ohùn ìlù wọn, pé kò sí ohùn ìlù tó wu òun tó o láyé. Èmi tí mo ní ojú ọ̀nà méjìlá fún ìlù nìkan lórí kọ̀ǹpútà mi, mo gbọ́ èyí, mo wo ọwọ́ ara mi.

Ọ̀rọ̀ ihò wá ńkọ́? Larry ló sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní bí ohùn àwo wọn bá ń ya, ó ń ya lóòótọ́ ni. Andy kì í fi ámpílífáyà lọ́rùn sílẹ̀: yóò yí i sókè kọjá ibi tó lè gbà, yóò tú sípíkà rẹ̀, yóò mú irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń fọ́ yìnyín, yóò fi lu ihò sí i lára. Larry ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń dún bí ọkọ̀ ojú irin tó forí sọra.

Mo máa ń fojú inú wo Andy pẹ̀lú irin ṣóńṣó yẹn lọ́wọ́. Bébà sípíkà le díẹ̀, ó máa kọ́kọ́ kọ̀ fún irin, lẹ́yìn náà ló máa ya pọ́, etí ihò náà á sì máa gbọ̀n bí ohùn bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣé owó ló fi ra sípíkà ọ̀hún! Kí ló ń wá? Ẹ jẹ́ ká rántí gbọ̀ngàn ijó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, tí wọ́n ń pariwo, ẹ̀rọ kékeré tí kò lágbára. Gìtá tó bá ń dún jẹ́jẹ́ níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ohùn tó ya máa ń gé ariwo bí ayùn. Ohun tí ijó ń béèrè ni Andy ń fún un.

Lágbègbè wọn, "The Witch" tà ju àwo kékeré èyíkéyìí tí ẹgbẹ́ ibẹ̀ ti ṣe rí. Síbẹ̀ rédíò ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n á dúró títí àwọn ọmọ iléèwé á fi jáde kí wọ́n tó fi í sí i, kí ó má baà bá ìyáálé ilé nídìí ìkòkò. Ọ̀rọ̀ inú orin wọn kò sì ran ọ̀ràn náà lọ́wọ́. Nígbà tí gbogbo ayé ń kọrin pé kí olólùfẹ́ di òun lọ́wọ́ mú, orin àjẹ́ ni tiwọn, orin wèrè ni tiwọn. "Strychnine" wà lórí àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, tó jáde ní 1965: Roslie ní àwọn kan fẹ́ omi, àwọn kan fẹ́ wáìnì, májèlé tí wọ́n fi ń pa eku ló wu òun mu. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọmọ ogún ọdún nìkan ló lè kọ irú rẹ̀ tí ojú ò sì ní tì í.

Fún àwo ńlá kejì, *Boom*, tó jáde ní 1966, wọ́n lọ sí sítúdíò kan nílé ní Tacoma tí àwọn olórin ìgbèríko máa ń lò. Páálí ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibẹ̀ kó lè máa gbé ohùn mì. Sonics gun ògiri náà, wọ́n fa páálí ẹyin ya kúrò kí yàrá lè máa dá wọn lóhùn. Àbí ẹ rí i! Èmi tí mo fi ẹ̀rọ yọ ògiri kúrò nínú orin. Àwọn fi èékánná wá ògiri jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà wọ́. Wọ́n ti ń kọrin ṣáájú Beach Boys lórí ìtàgé, wọ́n ti ń kọrin ṣáájú Kinks, àwọn ẹgbẹ́ olókìkí, ó sì jọ pé ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀kùn ńlá ṣí. Wọ́n fi Etiquette sílẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Jerden, ilé iṣẹ́ Seattle tó kọ́kọ́ gbé "Louie Louie" àwọn Kingsmen síta, wọ́n sì kó wọn lọ sí Hollywood, sí Gold Star, ọ̀kan nínú àwọn sítúdíò tó lókìkí jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ̀rọ gidi, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ohun gbogbo ní ipò rẹ̀. Àwo tó jáde níbẹ̀ mọ́. Àwọn fúnra wọn sọ lẹ́yìn náà pé ìdọ̀tí ni. Mo gbọ́ ọ, kò burú tó bí wọ́n ṣe sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: fáìlì tèmi ni. Ṣíbí àti páálí.

Wọ́n máa ń dá Hollywood lẹ́bi fún èyí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ta ni wọ́n ń lù ú fún nínú yàrá yẹn? Kò sí ẹnìkan tó ń jó níwájú wọn. Ní Tacoma, bí wọ́n tilẹ̀ wà ní sítúdíò, ó dà bíi pé àwọn ọmọ Spanish Castle ṣì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń retí ọjọ́ ẹtì. Ní Hollywood, ẹ̀rọ nìkan ló ń gbọ́ wọn, ẹ̀rọ kì í sì í làágùn. Àwọn Wailers ti mọ èyí ní 1959 nígbà tí wọ́n gbé àpótí wọn padà sílé.

Títúká wọn kò lárìnrìn. Àwọn kan lọ sí yunifásítì, àwọn kan bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Lind di awakọ̀ bàálù ológun orí omi, ó lọ jagun Vietnam, lẹ́yìn ogun ó ń wa bàálù èrò. Roslie ń da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà. Orúkọ Sonics wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn fúngbà díẹ̀, wọ́n tilẹ̀ kó gòjé wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwo wọn kò tú ká ní tirẹ̀. Ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó dé Yúróòpù, ó dé etí àwọn olórin pọ́ńkì. The Cramps tún "Strychnine" kọ ní 1980, The Fall náà kọ ọ́. Ní 2004, Land Rover fi orin kan látinú àwo wọn àkọ́kọ́ polówó mọ́tò. Richard Berry ló kọ orin ọ̀hún, òun náà ló kọ "Louie Louie". Ó ti kú ní 1997.

Ní 2007, Roslie, Larry àti Lind pàdé lórí ìtàgé ní Brooklyn, àwọn arúgbó tí irun wọn ti funfun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 2015, wọ́n gbé àwo tuntun jáde. Mo rà á pẹ̀lú ìbẹ̀rù, torí ojú mi ti rí ohun tí àwọn olórin àtijọ́ máa ń ṣe bí owó bá dé. Jim Diamond tó ṣe àwo náà pẹ̀lú wọn kó gbogbo ohùn sí ojú kan ṣoṣo bíi ti ọdún 1964. Etí ọ̀tún àti etí òsì ń gbọ́ ohun kan náà. Roslie kígbe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ohùn náà ti há díẹ̀. Igbe yẹn ni.

Fáìlì ìlù ọjọ́sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, bí wọ́n ṣe gbé e wá, kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo ṣí i lálẹ́ àná. Waya ń hó. Onílù náà ká ìka lu ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ògiri gba ìlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú padà sí i. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá ti gbẹ́sẹ̀ sókè, àga náà ń ké. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá nọ́ńbà rẹ̀ jáde lórí fóònù, mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí i láì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.